Ìwé Ohun Tí Láwùmí Dà Nù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Láwùmí jẹ́, ojú rẹ̀ kọ́ lẹ máa wò, torí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ẹ wo ìwé kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ló ń kọ síbẹ̀: orúkọ nǹkan ọ̀hún, ọjọ́, aago, àti ìdí tó fi pa á rẹ́. Ọ̀gá wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Láwùmí, ta ló ń kọ orúkọ pàǹtí sílẹ̀ kó tó gbé e lọ sí ààtàn?" Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́.

Bàbá Òkìkí ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Àyànṣọlá lorúkọ mi, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, n kò mọ ẹni tó tún ń pè é. Mo ń di ìwé ní ṣọ́ọ̀bù táìpù kan ní Àgbowó, ní ọ̀kánkán yunifásítì. Ọdún kọkànlá rèé tí tábìlì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, páálí àti ọ̀bẹ mi. N kò mọ kọ̀ǹpútà, n kì í sì í díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Oníbàárà ni mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ń tẹ ìwé lọ́dọ̀ wa tí n kò mọ ọmọ tó bí àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Láwùmí ò tíì lò ju oṣù márùn-ún lọ níbẹ̀, èmi ló sì máa ń bi léèrè bí ọ̀rọ̀ oníbàárà kan bá rú u lójú.

Ọmọ Baṣọ̀run ni, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ìyá rẹ̀ fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọsibítù kan ní Jericho. Bí aláìsàn bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, yálà ó gba ilé lọ ni o, tàbí ó gba ibi tí àgbà ń rè, ìyá yìí ló ń palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Kò ní da ohunkóhun nù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì bi nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, bébà kan wà tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹlòmíì ì bá gbá a dànù. Ó tú u wò, àfi eyín àtọwọ́dá bàbá kan nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì ni bàbá ọ̀hún ti ń fi ẹ̀kọ mímu gbé e nílé. "Ẹni tó lọ kì í kó ẹrù ẹ̀ tán," ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Láwùmí ò gba iṣẹ́ ọsibítù o, ṣùgbọ́n ó gba ìwé kíkọ yẹn.

Ẹrù ẹni tó lọ ló sì dá wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Jésùlọlá ló jẹ́ àgbà fún Láwùmí lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún márùn-ún ló fi bá wa táìpù, kó tó di pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, láìsọ fún ẹnì kankan, ó kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun tí wọ́n ṣí nísàlẹ̀ títì. Ọ̀gá wa Adéróunmú kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Lórí kọ̀ǹpútà wa, oníkálukú ló ní àkáǹtì tiẹ̀, á tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, á sì rí iṣẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ọ̀gá jókòó, ó pa àkáǹtì Jésùlọlá rẹ́, ó gbọn ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó gbọn eruku dànù. Ó ní ẹni tó bá pe ọmọ náà lórí fóònù nínú wa, kí ó kúkú tẹ̀ lé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ lè mu omi kó tó dáhùn. Ó ń kọ ọ́ sójú pé àyè ò sí mọ́. Láwùmí wo inú rẹ̀, ó sì rí fódà ńlá kan tó ń jẹ́ orúkọ Jésùlọlá.

"Ṣé ọ̀gá ò ti pa á rẹ́ ni?" mo bi í.

"Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n pa rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Òkìkí. Ẹrù ẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Iṣẹ́ ọdún márùn-ún ló wà níbí."

Ọ̀gá ní kó gbá gbogbo ẹ̀ dànù, torí iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀: ìwé ètò ìkórè ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bódìjà, igba ẹ̀dà, wọ́n sì fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá ọjọ́ Tọ́sìdeè. Láwùmí bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fún un láyè di àárọ̀ Tọ́sìdeè. Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló fi ń yà á sọ́tọ̀. Èyí tó bá ní orúkọ oníbàárà lára, ó pè wọ́n, tàbí kó gbé e pamọ́. Nígbà tó fi di aago mẹ́jọ ààbọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó ku bí ọgọ́ta tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n, nítorí pé Jésùlọlá kì í kọ orúkọ àgbà gan-an sára fáìlì. Bó ṣe ń pe èèyàn lẹ́nu ló ṣe ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tó tọ́ ọmọ náà tó máa jẹ́ kó kọ "Fọláyọ̀" tàbí "Olúwadáre" nígbà tí ẹni ọ̀hún tó bí i lọ́mọ.

Ni Láwùmí bá ń kà wọ́n sí mi létí.

"Bùrọ̀dá Onígìtá ńkọ́?"

"Ó ti gboyè. Pa á rẹ́."

"Màmá Ẹlẹ́ja?"

"Ìwé àdéhùn ilé ni. Ó ti gbà á lọ́dún tó kọjá."

"Ìyá Tọ́pẹ́?"

Mo ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn ìwé kan lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù kì í dúró de èèyàn. Mo ronú díẹ̀, n kò rí Ìyá Tọ́pẹ́ kankan nínú àwọn oníbàárà wa. Mo wá rántí pé Jésùlọlá ní ẹ̀gbọ́n kan tó bí Tèmítọ́pẹ́.

"Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Jésùlọlá."

"Ṣé kí n ṣí i wò?"

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí, kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Dìlíìtì ẹ̀ jàre."

Ó wò mí díẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ara rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ì bá ṣí i. Ṣùgbọ́n àgbà ti sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ò gba ẹnu mi gbọ́. Ó pa á rẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Agbọ̀n ìdọ̀tí kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọjọ́ méje ni Láwùmí máa ń fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó dà wọ́n nù pátápátá, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi ẹrù aláìsàn sínú àpò fún ọjọ́ méje. Ó dìde, ó lọ ra búrẹ́dì. Kó tó dé, ọ̀gá wọlé, ó rí i pé agbọ̀n kún, ó fi ìka kan ṣoṣo dà á nù.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Tíṣà Àlàó wọlé. Ó ń mí gulegule. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni ní iléèwé girama kan ní Bódìjà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìṣọ́ra," mo kí i.

"Bàbá Òkìkí, ẹ gbà mí." Ó gbé fíláàṣì kan, irú èyí tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, lé tábìlì mi. "Mo fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ lánàá. Kò ṣí mọ́. Aago méjì òní ni yunifásítì máa gba ìwé ìwádìí àṣegboyè kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fún mi láyè sí i. Tí n kò bá fi sílẹ̀ lónìí, wọ́n máa yọ orúkọ mi kúrò, ó parí nìyẹn. Mo ti dé ọ̀dọ̀ Jésùlọlá nísàlẹ̀ títì. Ó ní òun ò mú fáìlì ẹnikẹ́ni lọ, pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà yín."

Ó mú àpòòwé funfun kan dání. Bébà tí sùpáfáísọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí ló wà nínú rẹ̀, ó sì tún ní ẹ̀dà àtijọ́ kan nínú báàgì, èyí tí wọ́n fi bírò pupa ya yánna-yànna. Àtúnṣe tí Jésùlọlá táìpù kó tó lọ gan-an kò sí níbòmíì.

Láwùmí wá "Àlàó". Kò sí. Ó wá "Fọláyọ̀", orúkọ àbísọ rẹ̀. Kò sí. Ó wá "Ìṣọ́ra", ó wá "Tíṣà", ó wá orúkọ iléèwé rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo rí i tí òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ lábẹ́ fáànù. Ó fa ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó pa rẹ́ láàárọ̀ síta, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i. "Bùrọ̀dá Onígìtá. Màmá Ẹlẹ́ja. Alága Lándílọ́ọ̀dù. Ìyá Tọ́pẹ́..."

Tíṣà Àlàó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀, mà?"

"Èmi ni Ìyá Tọ́pẹ́."

Orí mi wú. Tiwátọ́pẹ́! Ọmọbìnrin gíga yẹn, tó máa ń gbé bébà tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kọ wá fún Jésùlọlá lẹ́yìn iléèwé. Bí mo bá ti fi gọ́ọ̀mù sí ìwé, tí mò ń wá ohun tó wúwo tí màá gbé lé e, á ní, "Bàbá Òkìkí, ṣé kí n jókòó lé e?" Á sì jókòó lórí ìwé ọlọ́wọ̀, á máa jẹ ẹ̀pà. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan ló mú un lọ, ó ti lé lọ́dún méjì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni gbogbo wa ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Ìṣọ́ra, orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ọmọ tí wọ́n fi ń pe ìyá bá lọ, a ó fo orúkọ rẹ̀, a ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ká má baà máa fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Èmi wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ yí i padà, mo sì yí i padà débi pé ọmọ náà bọ́ lọ́kàn mi pátápátá. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé orí sókè.

"Jésùlọlá nìkan ló ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀," Tíṣà Àlàó ń sọ fún Láwùmí. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dáwọ́ dúró. Ibo ni ìwé mi wà?"

Láwùmí wo ìwé kékeré rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì mọ ohun tó kọ síbẹ̀. "Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bàbá Òkìkí ní ti ẹ̀gbọ́n Jésùlọlá ni." Ó fi ọwọ́ bò ó. Ó fẹ́ dáàbò bò mí.

"Èmi ni mo ní kó pa á rẹ́," mo wí. "Ó fẹ́ ṣí i wò, èmi ni mo ní kó má ṣí i. Ẹ má bínú sí i."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi sí kọ̀ǹpútà. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Láwùmí yíjú sí agbọ̀n ìdọ̀tí. Ó ṣófo. "Ta ló dà á nù?"

"Èmi ni," ni ọ̀gá wí. Ó ti ń ki fíláàṣì ètò ìkórè bọ ara kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ kó iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Láwùmí na ọwọ́, ó gbá ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ mú. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà! Ẹ jọ̀ọ́! Ohun tẹ́ ẹ dà nù yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn kọ ọ́ pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo ni. Tí nǹkan mìíràn ò bá tíì jókòó síbẹ̀, ó ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá kó iṣẹ́ yìí lé e lórí, kò sí ẹni tó máa rí i mọ́ láéláé."

"Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ láago méjìlá!"

"Mo mọ̀, sà. Tó bá di aago méjì, ẹ lé mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi di aago méjì."

Ọ̀gá wo ọwọ́ tó dì í mú. Ó wo Tíṣà Àlàó, tó dúró gbọn-in bí òpó iná. Ó fa fíláàṣì rẹ̀ yọ, ó sì jókòó.

Láwùmí ní ètò kan nínú fíláàṣì tirẹ̀ tó ń wá ohun tí wọ́n ti dà nù. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka iye tó ti dé fún wa: márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá. Nígbà tó dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iná lọ. Bátìrì kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló lè gbé e. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, mo fa okùn jẹnẹrétọ̀. Kò dáhùn. Mo tún fà á. Mo fà á títí apá mi fi fẹ́ já, mò ń bá a sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbà máa sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ló tó hó. Nígbà tí mo padà wọlé, Láwùmí kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Ogójì."

Aago méjìlá kọjá ló parí. Fáìlì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló rí kó jọ, kò sì sí ìkankan tó ní orúkọ lára. Agbọ̀n yẹn máa ń gba orúkọ lára ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀, á fi lẹ́tà àti nọ́ńbà játijàti rọ́pò. Àfi ká máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà, ó wo aago, ó mú fíláàṣì wọn, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ìsàlẹ̀ títì, sí ṣọ́ọ̀bù tí Jésùlọlá wà, kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. N kò mọ ohun tó sọ níbẹ̀, n kò sì bi í.

Láwùmí ń ṣí i lọ. Ìwé ilé. Lẹ́tà ìwáṣẹ́. Òmíràn kò ṣí rárá. Òmíràn ṣí, ṣùgbọ́n wúruwùru ló kún inú rẹ̀. Tíṣà Àlàó ti fà mọ́ ẹ̀yìn àga Láwùmí, ètè rẹ̀ ń mì, mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Aago kan géérégé, ìkọkànlélógójì ṣí. Ojú ìwé kejì ni ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ yẹ́ sí. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀, orúkọ Tiwátọ́pẹ́ ló sì ṣáájú. Tíṣà Àlàó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Òun nìyẹn," omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ìwé mẹ́ta tó kẹ́yìn ti bàjẹ́. Ó mú ẹ̀dà àtijọ́ jáde, ó ń kà á, Láwùmí ń táìpù. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta máa fi jáde látinú ẹ̀rọ, aago kan ààbọ̀ ti lù. Gọ́ọ̀mù ń fẹ́ wákàtí kan kó tó mú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni mo ní. Mo tò wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn wọn, mo fi páálí dè é. N kò rí ohun tó wúwo nítòsí. Mo gbé wọn sórí bẹ́ǹṣì, mo sì jókòó lé wọn. Tíṣà Àlàó wò mí, mo wo ilẹ̀.

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ló kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáyà, ó sáré jáde lọ bá ọlọ́kadà. Mo mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí àpòòwé funfun lórí tábìlì mi. Wọn kò ní gba ìwé kankan láìsí bébà tí sùpáfáísọ̀ fọwọ́ sí. Mo gbé e, mo sáré bọ́ sójú títì.

"Ìyá Ìṣọ́ra!"

Ariwo ọkọ̀ bo ohùn mi. Ọ̀kadà ti ń ṣí.

"Ìyá Ìṣọ́ra o!"

Kò gbọ́. Mo pè é ní orúkọ tí n kò pè é láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ìyá Tọ́pẹ́!"

Ó yíjú padà kí n tó pè é tán. Ó lu ọlọ́kadà léjìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn padà wá bá mi láàárín àwọn ọkọ̀. Ó gba àpòòwé, ṣùgbọ́n kò tètè lọ.

"Ẹ pè mí," ó wí.

"Mo pè yín, mà."

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ wá láago láti sọ fún wa. Nígbà yẹn, Láwùmí ti fa igi lórí ohun tó kọ pé mo sọ láàárọ̀, ó sì ti kọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì síwájú rẹ̀, bí Jésùlọlá ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó gbé ìwé náà wá síwájú mi, ó na bírò sí mi. Mo fọwọ́ sí i.